Owó ọbẹ̀ àràárọ̀: lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara àwọn ọmọ le? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Ibi tí o ti ní, "Ìyá mi, owó ò dúró lọ́wọ́ mi, àfi bí ẹni ń fi agbọ̀n pọnmi," ẹ̀rín pa mí díẹ̀, torí ohùn ìyá mi gan-an ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ. Àbúrò rẹ ló ń bá mi tẹ lẹ́tà yìí sórí fóònù. Bí o bá rí àṣìṣe, òun ni kí o bá wí.

Ọjà le, ẹnikẹ́ni ò ní bá ọ jiyàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbé owó oṣù tó kéré jù láti 40,000 fáráńkì sẹ́fà sí 52,000, tí ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ náà fi díẹ̀ kún tiwọn, ẹ ní ẹ máa rọ́nà mí. Oṣù márùn-ún ò tíì pé tí Nàìjíríà fi yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Kpayo, epo fàyàwọ́ Nàìjíríà inú ìgò tí ọkọ rẹ ń rà sínú ọ̀kadà rẹ̀, fò sókè, àwọn zémidjan tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò gbé owó tiwọn lé e, ẹni tó ń kó tòmáàtì wá sí ọjà Ouando náà ò gbẹ́yìn. Ìyẹn kọjá agbára rẹ.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò kọjá agbára rẹ. O ní àràárọ̀ ni ọkọ rẹ ń fi owó ọbẹ̀ sílẹ̀ kó tó jáde. Ibẹ̀ ni agbọ̀n rẹ ti ń jò. Owó òòjọ́, ọjà òòjọ́ ló ń rà: òróró inú ọ̀rá, èédú inú ọ̀rá dúdú, ìrẹsì abọ́ kan. Ẹni tó ń ra wẹ́wẹ́ ń sanwó fún ẹni tó já a sí wẹ́wẹ́. Ṣé mi ò wá mọ̀ ọ́n ni? Èmi tí mo ń wọn gaàrí lábọ́ lábọ́ fún àwọn ọmọ ẹlòmíràn látọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, níbo lo rò pé èrè mi ti ń wá? Bí ríra àpò èédú lódindi bá gba ọgọ́rùn-ún fáráńkì péré sílẹ̀ fún ọ lójúmọ́, 36,500 ni lọ́dún.

Nítorí náà, bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀. Má bá a sọ ọ́ nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́, má sì sọ ọ́ lójú àwọn ará ilé rẹ̀. Kí owó ọbẹ̀ máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tàbí lẹ́ẹ̀mejì bí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan gbà pé obìnrin tó bá rí owó oṣù kan lẹ́ẹ̀kan, aṣọ ni yóò fi rà. Ọdún méje ni bàbá rẹ fi gbà bẹ́ẹ̀. (Àbúrò rẹ ní kí n yọ ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò yọ ọ́.) Ra ìwé kékeré kan, kọ gbogbo ohun tí o rà sí i, kí o gbé e fún un kó fojú ara rẹ̀ kà á níparí oṣù.

O tún béèrè bóyá kóló ló dára. Wò ó, mo ní kóló rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bàbá rẹ ni, ọdún méjì ni mo fi tọ́jú owó kí n lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Oṣù kìíní ọdún 1994, rédíò ní wọ́n ti já owó sẹ́fà wálẹ̀. Fáráńkì Faransé kan tó jẹ́ 50 sẹ́fà di 100 mọ́jú ọjọ́ kejì. Olè ò wọlé, owó inú kóló mi ò dín kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Àjàṣẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ ti gbówó lórí, ó ti kúrò ní tèmi. Ìyá ọkọ mi ò ní kóló. Àgbàdo ló ní nínú àká. Òun la jẹ títí òjò fi rọ̀.

Láti ìgbà náà, oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ ń fi pamọ́ kí n tó fi owó pamọ́. Oṣù kẹjọ ni àgbàdo ń pọ̀ lọ́jà Kétu níbí. Tó bá di oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹni tí kò ní in nílé ló ń jìyà rẹ̀. Dá àjọ láti ìsinsìnyí, kó já ní oṣù keje. Má jẹ́ kó já ní Kejìlá, ọdún á gbé e mì. Alájọ á mú owó ọjọ́ kan lóṣù, iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò burú. Ẹni tó bá ní òun á sọ owó rẹ di ìlọ́po láàárín oṣù díẹ̀ ni kí o sá fún. Ní ọdún 2010, owó ọ̀pọ̀ èèyàn wọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jákèjádò Bẹ̀nẹ̀ yìí. Bàbá rẹ wà níbẹ̀, má bi í o.

Èmi ni n ó ra àgbàdo náà fún ọ, mo mọ ẹni tí kì í pa tútù pọ̀ mọ́ gbígbẹ. Síbẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, fi eyín gé hóró kan. Bó bá dún kó, ó gbẹ. Bí eyín bá wọ̀ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tún un sá lórí tapólì. Rọ ọ́ sínú bídọ́ọ̀n, kẹ́ẹ̀gì oníke, títí dé ọrùn, dé e pinpin, kòkòrò inú rẹ̀ á kú fún àìrí afẹ́fẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan ọ́ láti da oògùn òwú, èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lóko òwú, sí i. Oògùn yẹn ti pa èèyàn.

Aṣọ ẹbí ńkọ́? Òkú mẹ́ta ní Àjàṣẹ́ láàárín oṣù méjì, àǹkárá mẹ́ta! Gbé owó lọ kí olókùú, jókòó pẹ̀lú wọn, wọ aṣọ tí o ní. Wọ́n á sọ ọ́ lẹ́yìn. Wọ́n sọ èmi náà.

Bídọ́ọ̀n mẹ́rin tí mo fi gbé epo pupa wá nígbà ìkómọ ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ. Fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, kí o sá wọn títí òórùn epo á fi tán. Bí o bá ti fún ẹnì kan ní ọ̀kan nínú wọn, sọ fún mi nísinsìnyí, kí n mọ iye tí n ó wá. Bá mi kí ọkọ rẹ.

Ìyá rẹ ní Kétu