Oúnjẹ tí a kò jẹ nígbà ààwẹ̀, ta ni yóò jẹ ẹ́?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ni mo fẹ́ bá àwọn ará ìjọ sọ, pàápàá àwa Yorùbá tí a wà ní Àbújá àti lókè Ọya níbí. Bí wọ́n bá ti kéde ààwẹ̀ ọjọ́ 21 ní oṣù kìíní, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé aago mélòó ni a ó máa ṣínu. A kì í sábà bèèrè ẹni tí yóò jẹ oúnjẹ tí a kò jẹ.

Ẹ ṣí Aísáyà orí 58. Àwọn ènìyàn ń ráhùn sí Ọlọ́run pé àwọn ń gbààwẹ̀, kò sì kà á sí. Ẹsẹ 3 dá wọn lóhùn pé lọ́jọ́ ààwẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ni àwọn alágbàṣe wọn lára. Ẹsẹ 7 wá sọ irú èyí tí Ọlọ́run fẹ́: kí o bu oúnjẹ rẹ fún ẹni tí ebi ń pa. Ẹni tó jẹ mègádì rẹ̀ lówó oṣù méjì, tó wá ń gbààwẹ̀ kí ilẹ̀kùn àánú lè ṣí fún un, kó tún ẹsẹ 3 yẹn kà dáadáa.

Àwọn Kristẹni ìgbà ìjímìjí tilẹ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Olùṣọ́-Àgùntàn, tí Hermas kọ ní Róòmù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì. Kò sí nínú Bíbélì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìjọ ìgbà náà ń kà á. Ó ní lọ́jọ́ ààwẹ̀, búrẹ́dì àti omi nìkan ni kí o fẹnu kàn. Kí o ṣírò owó oúnjẹ tí ò bá jẹ lọ́jọ́ náà, kí o yọ ọ́ sọ́tọ̀, kí o fún opó, ọmọ òrukàn tàbí aláìní.

Ẹ jẹ́ ká fi owó tiwa ṣe é. Bí àkàrà àti kókó àárọ̀ rẹ bá jẹ́ ₦800, ọjọ́ 21 jẹ́ ₦16,800. Bí 30 ènìyàn nínú ìjọ kékeré kan ní Kubwa tàbí Nyanya bá ṣe bẹ́ẹ̀, ₦504,000 nìyẹn. Ìyẹn á ra ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí tó ṣe é gbé dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò ní Borno, tí wọ́n wà ní àgọ́ Wassa. Nígbà Lẹ́ńtì, kóló tí a ń kó owó náà sí á máa sinmi lọ́jọ́ Àìkú: ọjọ́ 46 ni láti Ọjọ́rú Eérú dé Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, yọ ọjọ́ Àìkú 6, ó ku 40.

Láràárọ̀ ni kí owó máa wọ kóló, ní àkókò tí ò bá fi jẹun gan-an. Ẹni tó bá ní òun á kó o jọ lẹ́ẹ̀kan náà níparí, kì í rí i kó jọ. Ohun mìíràn tó máa ń ba ètò yìí jẹ́ ni adìẹ yíyan àti mínírà tí a ń fi ṣínu nírọ̀lẹ́, tí owó rẹ̀ ju ti oúnjẹ tí a fò lọ. Kí díákónì méjì jọ ṣí kóló, kí wọ́n kà á lójú ara wọn, kí wọ́n má sì dà á pọ̀ mọ́ owó ọrẹ tàbí owó ilé ìjọsìn tí a ń kọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ omi, èyí tó ń kó mi lọ́kàn sókè jù. Àwọn kan ń pàṣẹ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí omi kò gbọdọ̀ kan ètè. Wọ́n á tọ́ka sí Ẹ́sítérì 4:16. Ẹ̀mí gbogbo Júù ló wà nínú ewu nígbà náà, kì í ṣe ààwẹ̀ ojoojúmọ́ lásán. Dáníẹ́lì 10:3 ńkọ́? Oúnjẹ aládùn, ẹran àti wáìnì ló yẹra fún. Mátíù 4:2 sọ pé ebi pa Jésù. Kò mẹ́nu kan òǹgbẹ. Àwọn tó sì ń fi "àdúrà àti ààwẹ̀" inú Máàkù 9:29 ti àṣẹ yìí lẹ́yìn, kí wọ́n mọ̀ pé nínú Vaticanus, ìwé àfọwọ́kọ ti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, àdúrà nìkan ló wà níbẹ̀. Nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ tuntun fi gbé "ààwẹ̀" lọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé.

Nígbà ọyẹ́, òógùn ń jáde, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gbé e lọ kí a tó rí i, a ó sì rò pé omi ara kò dín. Bí ìtọ̀ bá ti pọ́n bíi tíì aláìnímílíìkì, tí orí ń fọ́, tí òòyì ń kọ́ni nígbà tí a bá dìde, ẹ mu omi. Àìtó omi a máa dá ìrora sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Alátọ̀gbẹ tó ń lo oògùn, tí ara rẹ̀ wá ń gbọ̀n, tó ń làágùn tútù, ṣúgà rẹ̀ ló já wálẹ̀: kó lá nǹkan dídùn lójú ẹsẹ̀, kó má dúró de aago mẹ́fà. Aboyún àti abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú lè yọ ẹran tàbí tíì dípò oúnjẹ, kí owó rẹ̀ wọ kóló bíi ti àwọn yòókù.

Mo bẹ àwọn pásítọ̀ àti alàgbà wa, ẹ fi gbólóhùn méjì kún ìkéde yín: "Omi kò ba ààwẹ̀ yìí jẹ́. Kí olúkúlùkù mú kóló rẹ̀ wá ní Sátidé tó gbẹ̀yìn, a ó rajà lọ sí àgọ́ lọ́jọ́ Ajé."

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Kubwa, Àbújá