Ìwé ìfilọ̀ kò tíì lé ayálégbé jáde

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ dá lórí bí ẹ ṣe ń ròyìn aáwọ̀ onílé àti ayálégbé ní Èkó. Bí onílé bá fún ayálégbé ní ìwé pé kó lọ wá ilé mìíràn, ẹ ó kọ ọ́ pé ó ti lé e jáde. Bí ẹlòmíràn bá sì kó jàǹdùkú wá, tí wọ́n ṣí páànù orí ilé, tí wọ́n yọ ilẹ̀kùn, tí wọ́n da bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò ọbẹ̀ síta nínú òjò, ẹ ó ní ayálégbé náà kó kúrò. Èyí ń pa àwọn òǹkàwé yín lára gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ wa kì í ka ìwé òfin, inú ìròyìn la ti ń mọ ẹ̀tọ́ wa.

Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 kò da nǹkan wọ̀nyí pọ̀. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàárín wọn, ẹni tó ń san owó ilé lóṣooṣù ni wọn yóò fún ní ìfilọ̀ oṣù 1, ẹni tó ń san án lọ́dọọdún yóò gba ti oṣù 6. Ìwé tí gbogbo wa ń pè ní kúìtì nótíìsì nìyẹn, kò sì tíì lé ẹnikẹ́ni. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, ìwé ọlọ́jọ́ 7 ló kàn, tí onílé yóò fi sọ pé òun ń lọ sílé ẹjọ́ láti gba ilé òun, adájọ́ ni yóò sì pàṣẹ. Onílé tó bá fipá lé ènìyàn jáde, tàbí tó tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀, ti rú òfin tí ìjìyà rẹ̀ lè tó 250,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6. (Ó dùn mí pé òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀.)

Mo mọ̀ pé ayálégbé mìíràn a máa jẹ gbèsè owó ilé ọdún gbọọrọ, tí onílé rẹ̀ sì jẹ́ àgbàlagbà tó fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́lé. Ilé ẹjọ́ wà fún irú onílé bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ ń falẹ̀.

Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ bo ti ìjọba mọ́lẹ̀. Nígbà tí katapílà wó Maroko, àdúgbò kan ní Èkó, ní oṣù Keje ọdún 1990, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ìjọba ológun lé kúrò nílé wọn lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọjọ́ díẹ̀ péré. Àwọn yẹn kò fúnra wọn kó kúrò rárá.

Mo bẹ̀ yín, kí akọ̀ròyìn yín máa béèrè bóyá àṣẹ ilé ẹjọ́ wà kó tó kọ ìròyìn irú èyí, kó sì kọ ìdáhùn tí wọ́n bá fún un sínú rẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Múṣin, Èkó.