Ẹ̀yin Ọmọ Ajílété, Ṣalángá Ọjà Wa Ò Tíì Lórùlé

Ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, a kí yín o. Ọ̀rọ̀ ṣalángá ọjà wa la tún gbé dé. Gbogbo wa la jọ pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ ìpìlẹ̀, kò sídìí à ń tún un pìtàn. Látìgbà tí ògiri ti dé orí fèrèsé ló ti dúró. Ewúrẹ́ ló ń sùn ní yàrá àwọn obìnrin báyìí.

A gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lábẹ́lẹ̀, pé owó búlọ́ọ̀kù la fi pe nọ́ọ̀sì àti wolé-wolé wá sọ̀rọ̀ lọ́jà. Owó ọkọ̀ wọn la san, rìsíìtì wà lọ́wọ́ akápò, kí ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó. A ò sì kábàámọ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí sọ̀bìà. Ṣé kànga nìkan ló lé e lọ ni? Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n pín aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, wọ́n tún ń lọ lójúlé-dójúlé pé kí ẹni tí sọ̀bìà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ má wọ omi mímu. Ọdún 2008 la rí ẹni ìkẹyìn tó ní in ní Nàìjíríà. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán.

Ṣùgbọ́n ojú tì wá lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ní ká máa fi ọṣẹ fọwọ́ bí a bá ti ṣalángá dé. Ìyá alámàlà kan gbé ike rẹ̀ tó ṣófo sókè: "Ọmọ mi, ṣalángá wo? Omi wo?" Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín, àwa ń wo ilẹ̀. Ẹ̀yìn ìsọ̀ ìyá yẹn gan-an ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí. Bí òjò bá rọ̀, inú kànga ni àgbàrá ń gbé e lọ, ibẹ̀ ni onígbáméjì sì ń gbà wọlé.

Àwọn aládùúgbò wa kan, ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ̀yìn wa ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Wọ́n ti lẹ táìlì, ẹ̀rọ omi wọn ń yọ. Ọmọ ìlú wọn kan bi akọ̀wé yín níbi ìyàwó bóyá ewúrẹ́ wa ti bímọ. Àwa, ìlú tí ogun ò kó rí!

Ará ilé, ₦5,000. Ẹ̀yin lẹ́yìn odi, ₦20,000, kóṣù tó parí. Àkáùntì ẹgbẹ́ ti tẹ́lẹ̀ náà ni. Ẹ kọ orúkọ agboolé sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣèlérí páànù níwájú àwọn bàbá wa, tí ẹ gba makirofóònù lẹ́ẹ̀mejì, a ò bínú o. Fóònù yín ni kì í wọlé, àmọ́ à ń rí fọ́tò òde yín lórí Facebook. Ẹ jọ̀ọ́, a ò ní pe orúkọ ẹnikẹ́ni nípàdé. Ìwé tí a kọ ìlérí sí ṣì wà ṣá. Káfíńtà ti wọn igi òrùlé. Ó ní ká pe òun lọ́jọ́ tí páànù bá dé.

Akọ̀wé, fún ìgbìmọ̀ aláṣẹ