Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Lọ Íńdíà, Ẹ Fi Fóònù Yẹn Sápò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ mọ̀ mí, mi ò kì í kọ ọ̀rọ̀ gígùn síbí, "ẹ kú àárọ̀" àti "àmín" ni tèmi, àmọ́ nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ kan nínú ẹbí wa, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó ń kàwé ní Íńdíà, wọ́n gba ọlidé, ó ní òun fẹ́ rí Varanasi. Ó gba etí odò Ganga dé Manikarnika, níbi tí wọ́n ti ń sun òkú tọ̀sán tòru, ló bá yọ fóònù. Ó ká iná, ó ká òkú, ó ká ọmọ olóòkú tí wọ́n fá lórí tó ró aṣọ funfun, ó tún wá yí kámẹ́rà sójú ara ẹ̀, ó ń pariwo pé "ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wo nǹkan o!" Àwọn olóòkú ká a mọ́, wọ́n fọ́ fóònù, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lù ú pa. Ó pè wá tẹkúntẹkún, ó ní "Màmá, kí ni mo ṣe?"

Kí lo ṣe kẹ̀! Ṣé ó yẹ kí n máa ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ tí wọ́n bí nílé wa? Òkú olóòkú ló ń jóná níwájú ẹ, o wá ń wá fọ́lówà. Kì í sì í ṣe òun nìkan lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí, gbogbo yín lẹ ń ṣe é. Ẹ ó lọ síbì kan, fóònù ni yóò ríbẹ̀, ojú yín ò ní ríbẹ̀. A bá ní kí lẹ rí, ẹ ó na fóònù sí wa.

Nígbà tí ọkọ mi ń kàwé ní Delhi, ayé ìgbà tí Indira Gandhi ń ṣolórí ìjọba wọn nìyẹn, mo tẹ̀lé e lọ, mi ò níṣẹ́, mi ò gbédè. Obìnrin kan tó ń gbé lókè wa, tíṣà ni, ló fi ìtàn Premchand, òǹkọ̀wé wọn kan, kọ́ mi ní Hindi. Èyí tó fi bẹ̀rẹ̀ ni "Idgah". Hamid ò ní bàbá, kò ní ìyá, ìyá àgbà ẹ̀ ló ń tọ́ ọ, páísà mẹ́ta péré ló mú lọ ọjà ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ra ọmọláńgidi alámọ̀, wọ́n ń ra súìtì lá lójú ẹ̀, òun lọ ra ẹ̀mú, torí pé iná máa ń jó ìyá àgbà níka tó bá ń yan róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn. Ìyá àgbà kọ́kọ́ bínú o, pé ọmọ wo ló ń fi owó ọdún ra ẹ̀mú, kó tó wá bú sẹ́kún. Premchand yẹn, abúlé Lamhi, lẹ́bàá Varanasi yẹn náà, ni wọ́n bí i sí ní 1880. Ọmọ wa dé ìlú yẹn, kò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí!

Obìnrin yìí náà ló mú mi lọ Mandi House, àdúgbò tí ilé eré pọ̀ sí ní Delhi. Mo wo Charandas Chor, eré Habib Tanvir. Púpọ̀ nínú àwọn òṣèré ẹ̀, ará abúlé ní agbègbè Chhattisgarh ni wọ́n, èdè abúlé wọn náà ni wọ́n ń sọ lórí ìtàgé. Olè kan ń fi guru, olùkọ́ ẹ̀sìn wọn, ṣe yẹ̀yẹ́, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní jẹun nínú àwo wúrà, òun ò ní gun erin ṣáájú èrò, òun ò ní fẹ́ ayaba, òun ò ní jọba. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn lọ olè? Guru ní kó jáwọ́ nínú olè jíjà, ó ní ìyẹn ò ṣeé ṣe, wọ́n wá fẹnu kò pé kó má parọ́ mọ́. Gbogbo ẹ̀ pátá ló padà dé bá a. Ayaba ní kó fẹ́ òun, ó kọ̀. Ayaba ní ó dáa, ṣáà má sọ fẹ́nì kankan, olè ní òun ò lè parọ́, wọ́n bá pa á. Mo ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín dá mọ́ mi lẹ́nu. Eré yẹn gba ẹ̀bùn ní Edinburgh ní 1982. Ẹ̀yin tẹ ń ká nǹkan yìí, apá ibi ẹ̀rín lẹ máa ká, ẹ ti jáde kí wọ́n tó pa á.

Ká tiẹ̀ ní eré lo fẹ́ wò, tó o bá sọdá odò láti Varanasi, Ramnagar lo máa bọ́ sí. Lọ́dọọdún, bí oṣù kan gbáko ni wọ́n fi ń ṣe Ramlila níbẹ̀, ìtàn Rama, ọba tí àwọn Híńdù ń bọ, látòkè délẹ̀, ìlú náà sì ni ìtàgé, ibì kan ni Ayodhya, ìlú Rama, ọ̀nà jíjìn ni Lanka, ìlú ọ̀tá ẹ̀, èrò á máa rìn tẹ̀lé òṣèré. Kò síná mànàmáná, kò sí máíkì, àtùpà gáàsì ni. Ọmọdékùnrin ni wọ́n fi ń ṣe Rama, wọ́n fi ń ṣe Sita ìyàwó ẹ̀ náà, àmọ́ tí wọ́n bá ti dé wọn ládé, àgbàlagbà tó tó bàbá bàbá wọn á bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn. Ẹ̀yin ọmọ eléégún, ṣé mo tún ní láti ṣàlàyé ìyẹn? Kí òṣèré tó lanu, ẹnì kan á ké pé "Chup raho! Savdhan!", ìyẹn ni pé ẹ dákẹ́, ẹ fiyè sílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á pa lọ́lọ́, ohùn ọmọdé á máa lọ nínú òkùnkùn. Fóònù wo ló fẹ́ ká ìyẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé "Màmá, ayé ti yí padà." Ayé wo ló yí? Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1989, Safdar Hashmi àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣeré níta fáwọn òṣìṣẹ́ ní Sahibabad, lẹ́bàá Delhi, àwọn jàǹdùkú ya bò wọ́n, wọ́n lù ú, ó kú lọ́jọ́ kejì, ẹni ọdún 34. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù yẹn, ìyàwó ẹ̀, Moloyashree, kó ẹgbẹ́ náà padà síbẹ̀, wọ́n ṣeré náà parí. Ìyàwó olóòkú o! Ẹ̀yin ò lè jókòó parí eré tí ẹnì kankan ò lu yín lé lórí.

Tó o bá sì bọ́ sí Mumbai, Prithvi Theatre wà ní Juhu, láti 1978 ló ti wà, kò tóbi rárá, òṣèré fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ kàn ẹ́, iná fóònù ẹ á sì hàn sí i lójú. Tètè débẹ̀, tí wọ́n bá ti lu agogo lẹ́ẹ̀kẹta pé eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó o wọlé.

Ẹ máa kàwé kẹ́ ẹ tó gbéra. Hindi ò dùn ún kọ́, mo mọ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì wà. Ret Samadhi ti Geetanjali Shree, Tomb of Sand ní Gẹ̀ẹ́sì, gba International Booker, ẹ̀bùn ńlá fún ìwé tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ní 2022, kò sí ìwé Hindi tó gbà á rí ṣáájú ẹ̀. Ìtàn obìnrin ẹni ọgọ́rin ọdún kan ni, ọkọ ẹ̀ kú, ó kọ ẹ̀yìn sáyé, ó dojú kọ ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ wá wo ìyá yìí tó dìde, ó forí lé Pakistan! Èmi tí mo ti dàgbà, ìyẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Ramlila máa ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, ọkọ̀ ojú irin dé Varanasi láti Delhi. Ẹ mú ẹní kékeré dání, ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, ẹ wọ bàtà tó ṣeé rìn, ẹ jẹun kí ilẹ̀ tó ṣú, kẹ́ ẹ sì bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀, ó máa sọ ibi tí ìtàn dé fún yín.