Wọ́n Bu Owó Ìtanràn Lé Ọmọ Nítorí Yorùbá, Ní Abẹ́òkúta!

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú ló ń bí mi tí mo fi mú bíró. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 7, ti ilé ìwé dé tẹkúntẹkún. Wọ́n ti gba ₦100 tí mo fún un pé kó fi ra gúgúrú àti ẹ̀pà, wọ́n sì fi pátákó kékeré kan kọ́ ọ lọ́rùn. Okùn ọ̀rá tí wọ́n fi so ó ti bó o lọ́rùn. Kí ló ṣe? Ó sọ fún ọmọ tó jókòó tì í pé, "Yá mi ní pẹ́ńsù rẹ." Wọ́n ní fànàkúlà, ìyẹn èdè abínibí, ló sọ. Ní Abẹ́òkúta!

Mo ṣí ìwé rẹ̀ wò lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní kó kọ nípa ìyá rẹ̀ àgbà. Ó kọ ọ́ pé: "My grandma is selling adire. He like me." Olùkọ́ fi bíró pupa fa ìlà gbọọrọ lé e, kò kọ nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi pè mí ní "he". Ó wò mí lójú, ó ní, "Ìyá àgbà, ṣebí 'ó' ni?"

Ọmọ náà ronú dáadáa. "Ó" kan ṣoṣo la ní fún bàbá, fún ìyá, fún ewúrẹ́ àti fún àga. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún un, nígbà tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ la ẹnu sọ Yorùbá? Ìwé mẹ́wàá ni mo kà kí n tó dúró ti àdìrẹ ní Ìtòkú. Mo tẹ́ aṣọ mẹ́ta sórí ẹní: ti bàbá rẹ̀ ni "he", ti ìyá rẹ̀ ni "she", àkísà tí a fi ń nu tábìlì ni "it". Kí omi ẹ̀bà tó hó, ó ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn aláṣẹ tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù kò fẹ́ gbọ́ èyí. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ ní ká fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní òun ló ń fa ìfìdírẹmi nínú WAEC àti JAMB. Ilé ìwé wo lẹ rí ní Abẹ́òkúta tó ṣe é? Èmi ò rí ọ̀kan. Oògùn tí aláìsàn kò tọ́ wò ni wọ́n ní ó pa á! Bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ bí èdè kejì, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Òyìnbó míṣọ́nnárì Townsend pàápàá, nígbà tó fẹ́ kí Ẹ̀gbá mọ̀wé kà, Yorùbá ló fi tẹ Ìwé Ìròyìn jáde níbí ní 1859.

Mi ò kórìíra Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi gbọ́ ọ ju èmi lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí olùkọ́ máa gbé èdè méjèèjì síwájú ọmọ, bí ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́. Kó sọ fún un pé "ìwé" wa kì í yí padà, ìwé kan, ìwé méjì, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ń fi "s" sí ìdí tirẹ̀. Ọmọ tó kọ "two book", "ìwé méjì" ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kó sọ fún un pé àwa ń pe "àpò dúdú", àwọn fi dúdú ṣíwájú àpò. Kó fi ẹnu rẹ̀ hàn án bí eyín òkè ṣe ń kan ètè ìsàlẹ̀ tí ohùn sì ń dún fún "v", torí Yorùbá kò ní in, ìyẹn ni "van" ṣe ń di "fan" lẹ́nu wọn. Ọmọ tí wọ́n ṣàlàyé fún báyìí kò ní gbàgbé.

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ fòfin de owó ìtanràn yìí. Kí wọ́n sì tẹ ìwé tó ní èdè méjèèjì.

Ọmọ náà wọ pátákó yẹn délé, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ di ọjọ́ Ẹtì. Mò ń gbé e lọ síbẹ̀, màá sì fi Yorùbá béèrè ₦100 ọmọ mi.

Èmi ni tiyín,
Ìyá aláàdìrẹ kan,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.