Lẹ́tà sí Bọ́sẹ̀ ní Harrisburg, Amẹ́ríkà

Bọ́sẹ̀ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Màmá ti gba aṣọ òtútù tí o fi ránṣẹ́. Nínú ooru Òṣogbo yìí náà ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn, kí ẹgbẹ́ wọn lè rí i. A ti kó kúrò ní Òkè-Fìà. Kànga ilé tuntun ní omi, iná ni kò sí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àlejò kan wá bá àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa sọ̀rọ̀. Ó ní lẹ́tà-lẹ́tà ni jíìnì ènìyàn, ohun tí a jogún lára òbí, bí ìwé, ìwé kì í sì í kọ ara rẹ̀, torí náà irọ́ ni ẹfọlúṣọ̀n, ìyẹn pé ẹ̀dá ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. O mọ̀ mí, mo nawọ́. Mo ní Harrisburg tí ọ̀rẹ́ mi wà gan-an ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ yìí ní 2005, lẹ́yìn tí òbí 11 pe ìgbìmọ̀ ilé ìwé Dover lẹ́jọ́, torí wọ́n fẹ́ máa kà á sétí àwọn ọmọ ní kíláàsì báólọ́jì pé àwọn kan gbà pé ọlọ́gbọ́n kan ló gbèrò ẹ̀dá. Miller, onímọ̀ báólọ́jì kan, Kátólíìkì ni o, ló fi krómósómù kejì hàn wọ́n (krómósómù ni okùn tín-ín-rín tí jíìnì wà lórí rẹ̀): ìnàkí ní oríṣi krómósómù 24, àwa ní 23, torí méjì lẹ̀ mọ́ra di ọ̀kan lára tiwa, ojú àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Behe, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gbèjà ìgbìmọ̀ náà, pàápàá gbà pé baba ńlá kan náà ni àwa àti ìnàkí jọ ní. Adájọ́ Jones ní ẹ̀sìn ni ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n tó gbèrò ẹ̀dá yẹn, kì í ṣe sáyẹ́ǹsì.

Àlejò wa ní, "Sìsítà, ṣé ìnàkí ni bàbá yín?" Mo ní kó lọ bi ìyá mi, ìyá ló mọ bàbá ọmọ. Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú fún ẹ̀rín.

Túndé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà sílẹ̀.

AS ni Túndé, AS ni Fúnkẹ́ tó fẹ́ gbé níyàwó. Ó délé, ó ní bí Ọlọ́run bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ jíìnì, àṣìṣe ò sí níbẹ̀, ká yéé fi ìwé àyẹ̀wò dẹ́rù ba òun. Mo ní lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú jíìnì ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ibà ló jẹ́ kó pọ̀ láàárín wa: ọmọ tó gba ọ̀kan lọ́dọ̀ òbí kan, ibà líle kì í tètè pa á, á dàgbà, á bímọ. Allison, onímọ̀ ìṣègùn kan, ti rí èyí ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láti 1954. Ọmọ tó gba méjì, ti bàbá àti ti ìyá, ńkọ́? Bọ́sẹ̀, o rántí Ṣadé. O rántí òru ìdánwò yẹn, tí a ń fi omi gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé Ọlọ́run wà, èmi náà ń san ìdámẹ́wàá. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹnìkan jókòó, ó rò ó, ó wá fi ìrora Ṣadé ra ìlera tèmi, mi ò mọ bí mo ṣe máa kí i.

Ọmọ dáadáa ni Fúnkẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Jọ̀ọ́, pe Túndé. Láti ìgbà tí o ti san owó WAEC rẹ̀, tìrẹ ló ń gbọ́. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Má dárúkọ Dover, má dárúkọ ìnàkí. Ṣadé ni kí o sọ fún un. Oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á gba méjì bíi Ṣadé. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀ ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, Màmá sì ti ra aṣọ.

Èmi ni tìrẹ,
Yẹ́misí