Ẹ dárúkọ ibi, ẹ ò dárúkọ aago

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú wàhálà àwa òǹkàwé. Mo ka ojú ìwé ìrìn-àjò yín ti Sátidé tó kọjá, níbi tẹ́ ẹ ti to àwọn ibi téèyàn ti lè ya fótò tó dáa ní agbègbè Banff, ní Kánádà níbí, inú mi dùn torí mi ò tíì rí ìwé ìròyìn Yorùbá tó kọ nǹkan kan nípa ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo bínú díẹ̀ o. Ibi 10 lẹ dárúkọ, ẹ ò dárúkọ aago kan ṣoṣo. Téèyàn bá tẹ̀ lé yín, tó dé Vermilion Lakes ní aago 1 ọ̀sán, tó wá ń fọ́n fótò ẹ̀ sórí WhatsApp, àwọn ará ilé á bi í pé ṣé ibi tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yẹn náà nìyí.

Calgary ni mò ń gbé, mọ́tò ò lò ju bíi wákàtí kan àtààbọ̀ lọ kó tó dé Banff, àwọn ẹbí àtọ̀rẹ́ sì ti sọ mí di dẹ́rẹ́bà àti ayafótò ọ̀fẹ́, kò sí àlejò tó máa wá láti ilé tí wọn ò ní ní kí n gbé lọ síbẹ̀. Torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i, ẹsẹ̀ mi náà sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú èyí tó dùn mí jù kúrò nílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé kéèyàn wa mọ́tò ẹ̀ dé etí Moraine Lake. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Látọdún 2023 ni wọn ò ti jẹ́ kí mọ́tò àdáni gba ọ̀nà yẹn mọ́, bọ́ọ̀sì Parks Canada, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó páàkì, tàbí ti àwọn tó ń gbé àlejò kiri lèèyàn á wọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti gba ìjókòó sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé torí ó máa ń tètè tán. Ọ̀nà ọ̀hún gan-an, bí oṣù kẹfà sí àárín oṣù kẹwàá nìkan ló máa ń ṣí, yìnyín ló ni ìyókù ọdún. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo mọ̀ jí ní aago 3 òru, òun àti ìyàwó àtàwọn ọmọ mẹ́ta, wọ́n wakọ̀ dé ibi tí ọ̀nà ti yà, wọ́n dá wọn padà níbẹ̀. Ọmọ tó kéré jù ń sunkún, ìyàwó ò sọ̀rọ̀ kan títí wọ́n fi délé. Kì í ṣe ìwé ìròyìn yín ni wọ́n kà ṣá, ẹ fọkàn balẹ̀.

Adágún yẹn dáa o, mi ò ní parọ́. Òun àti àwọn òkè tó tò sẹ́yìn ẹ̀ ló wà lẹ́yìn owó 20 dọ́là Kánádà tọdún 1969. Àwọ̀ omi ẹ̀ náà nídìí: yìnyín tó ti dì láti ayébáyé lórí òkè ló ń rọra sún lórí àpáta, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń lọ̀ ọ́ títí á fi kúnná ju èlùbọ́ lọ, omi á wá gbé ìyẹ̀fun òkúta yẹn wọ inú adágún, kò ní tètè rì, á kàn máa rìn káàkiri nínú omi, òun ló ń da àwọ̀ bí ojú ọ̀run yẹn padà sí wa lójú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé oṣù keje àti ìkẹjọ, tí yìnyín ń yọ́ dáadáa, ni àwọ̀ ẹ̀ máa ń le jù. Wàyí o, ibi tí ẹ ò sọ nìyí: àárọ̀ kùtù loòrùn máa ń kọ́kọ́ ba orí àwọn òkè yẹn, tí wọ́n á pọ́n bí ẹni fi osùn kùn wọ́n, ṣùgbọ́n omi ìsàlẹ̀ á ṣì ṣú dùdù. Tí oòrùn bá wá ga ni omi á tàn, òkè náà á sì wá rí bí òkè lásán. Téèyàn ò bá fẹ́ jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán, kó yáa mú ọ̀kan. Èmi a máa mú àárọ̀. Ìyàwó mi ní omi lòun wá wò, ọ̀sán ni tiẹ̀, a ò tíì parí ìjà yẹn. Peyto Lake ní tiẹ̀, èyí tó rí bí orí ìkookò téèyàn bá wò ó látòkè, ọ̀sán gan-an ló dáa fún, ẹ lè sùn dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ.

Ẹ padà sí Vermilion Lakes tẹ́ ẹ fi ìlà kan péré kọ. Ìta ìlú báyìí ló wà, títì gba ẹ̀gbẹ́ omi kọjá, èèyàn ò ní gun òkè kankan, màmá àgbà pàápàá lè jókòó sínú mọ́tò kó máa wò ó. Mount Rundle ló kọjú sí i, òkè tó ga tó 2,948 mítà, ó dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìgbì òkun tó fẹ́ wó. Lọ́dún tó kọjá, lópin oṣù kẹsàn-án, mo mú àbúrò mi lọ síbẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, aago 6 ti lù, òtútù ń mú wa dé eegun, kùrukùru ń rìn lórí omi, àbúrò mi ń ráhùn pé ṣé torí òkè lòun ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú wá, pé kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Mo ní kó ní sùúrù. Ìgbà tó yá ni àwọsánmà orí Rundle bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, látorí àwọ̀ eérú ó di àwọ̀ ẹran ara ẹja tútù, ó tún pọ́n sí i bí epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kaná, gbogbo ẹ̀ sì tún wà nísàlẹ̀ nínú omi, òkè dorí kodò bí ẹni pé wọ́n pín in sí méjì. Àbúrò mi dákẹ́. Ibẹ̀ ni pẹ́pẹ́yẹ kan ti yọ jáde láàárín koríko, tó gba àárín omi kọjá wẹ́rẹ́, òkè inú omi fọ́ yángá. Ó ń pariwo lé pẹ́pẹ́yẹ, mo ń rẹ́rìn-ín, kí omi tó padà dúró jẹ́ẹ́ ìmọ́lẹ̀ ti lọ. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fótò mẹ́rin ni mo rí yà. Tẹ́ ò bá lè jí, ìrọ̀lẹ́ náà dáa níbẹ̀, torí nígbà náà oòrùn máa wà lẹ́yìn yín, á máa tàn sí òkè lójú tààrà, ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹfà ó lè tó aago 10 alẹ́ kó tó wọ̀ o, ẹ múra oúnjẹ dání.

Èyí táwọn ìwé ìrìn-àjò òyìnbó kì í sábà kọ, tó sì yẹ kẹ́yin kọ, ni ọ̀rọ̀ ojú wa. Mo ní ojú, ìyẹn ojú àwa èèyàn dúdú nínú fótò. Màmá mi wá kí wa nínú oṣù Disẹ́ńbà, wọ́n we gèlè aláwọ̀ búlúù lé kóòtù òtútù, wọ́n dúró létí Banff Avenue, Cascade Mountain wà lẹ́yìn wọn gbàgede, yìnyín bo gbogbo ẹ̀, ó rẹwà, mo ya bí 40 fótò. A délé, Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé awò wọ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ta nìyí?" Gèlè àti eyín ló hàn. Ìtìjú bá mi.

Kámẹ́rà ò mọ̀ pé yìnyín ni. Ohun tó mọ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù níwájú òun, á bá dín in kù, yìnyín á wá dà bí eérú, ojú èèyàn dúdú á sì di òkùnkùn. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà, lórí ọ̀pọ̀ fóònù àmì oòrùn kékeré kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ fà á sókè títí ojú á fi hàn kedere. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà gidi, ẹ sún ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ (exposure compensation) sí +1, tí yìnyín bá ti gba gbogbo àwòrán ó lè tó +2. Tí yìnyín ẹ̀yìn bá wá funfun jù ńkọ́? Kó funfun, ṣé yìnyín lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé ni àbí màmá yín? Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kẹ́yìn sí oòrùn. Ẹ mú wọn wọ abẹ́ ìbòòji, ẹ jẹ́ kí yìnyín tí oòrùn ń ràn sí wà níwájú wọn, á máa ju ìmọ́lẹ̀ padà sí wọn lábẹ́ àgbọ̀n, bíi ti pátákó dídán táwọn ayafótò ìgbéyàwó máa ń nà sí ìyàwó lójú. Owó kékeré kọ́ làwọn yẹn fi ń ra pátákó, yìnyín ń ṣe é fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ò mọ èyí lọ́jọ́ ti Màmá.

Àwọn tó kù ò le. Surprise Corner, títì kàn máa yí kọ́nà ni, ẹ ó sì ṣàdédé rí òtẹ́ẹ̀lì Banff Springs tí wọ́n ṣí lọ́dún 1888 láàárín igbó páìnì, pẹ̀lú odò Bow tó ń hó nísàlẹ̀. Ojú ọ̀nà Norquay, níbi tí gbogbo ìlú ti hàn nísàlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n gbé e sínú àwo, ìrọ̀lẹ́ ló dùn ún wò. Tunnel Mountain rọrùn láti gùn, ẹ má sì wá ihò kankan níbẹ̀ o, ihò ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ síbẹ̀ láyé ọjọ́un, wọ́n rí ọ̀nà míì gbà, orúkọ ló ṣẹ́ kù.

Inú mi dùn pé ẹ rántí Morant's Curve lọ́nà Lake Louise, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ẹni tó ń jẹ́ Morant. Nicholas Morant, ayafótò iléeṣẹ́ reluwé Canadian Pacific, ló fẹ́ràn láti máa ya ọkọ̀ ojú irin níbi tí irin ti bá odò Bow yí kọ́nà yẹn, ni wọ́n bá fi orúkọ ẹ̀ pè é. Ọkọ̀ ẹrù tó ń kọjá níbẹ̀ kì í sọ aago tó ń bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo dúró níbẹ̀ wákàtí méjì lọ́jọ́ kan, kò sí nǹkan, mo ní kí n lọ bu tíì gbígbóná mu nínú mọ́tò, ife ò tíì dé ẹnu mi tí mo gbọ́ fèrè. Mo dé ibẹ̀ bá ìrù ẹ̀, tíì sì ti dà sí mi lára.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó le díẹ̀. Fótò ńlá tẹ́ ẹ fi ṣíwájú yẹn, èyí tí wọ́n yà láti òfuurufú lórí adágún, ó jọ fótò drone lójú mi. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọn ò gba kí àlejò lásán fò drone nínú páàkì ìjọba níbẹ̀, owó ìtanràn ẹ̀ lè tó 25,000 dọ́là. Ẹni tó bá rí fótò yẹn nínú ìwé ìròyìn yín á rò pé kò sí nǹkan kan, á ra drone, á gbé e wá. Bákan náà ni ti ẹranko. Àwọn elk, ìyẹn àgbọ̀nrín tó ga tó ẹṣin, máa ń jẹ koríko láàárín ìlú bí ewúrẹ́ àdúgbò, àwọn èèyàn wa á wá fẹ́ lọ gbé apá lé wọn léjìká. 30 mítà ni wọ́n ní kéèyàn jìnnà sí wọn, 100 mítà sí béárì àti ìkookò. Nínú oṣù kẹsàn-án tí àwọn akọ elk ń wá ìyàwó, kẹ́ ẹ tún fi kún un, mo ti rí ọkùnrin kan tó fi fóònù ẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ tó sá yí igi po, akọ yẹn ń tẹ̀ lé e yípo igi náà, kò sẹ́ni tó lè lọ bá a gbé fóònù.

Nígbà tẹ́ ẹ bá tún máa kọ irú ẹ̀, ẹ kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ibi, ẹ kọ oṣù, ẹ kọ ibi tí oòrùn ń gbà yọ, kò ní gbà ju ìlà kan lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa bá yín wò ó kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, mo wà ńlẹ̀ o, ọ̀fẹ́ náà ni, mo ti mọ́ra.

Màmá mi tún ń bọ̀ ní ìparí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ewé igi larch máa ń pọ́n bíi wúrà lórí òkè. Mo ti sọ fún wọn pé a ó tún fótò yẹn yà, àmọ́ a gbọ́dọ̀ kúrò nílé ní aago 4 àárọ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè jí ní aago 4 torí òkè kankan, pé kí òkè dúró de àwọn. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín ní Calgary